Eruku Sàhárà tó kọ̀ tí kò já sómi

Nígbà tí eruku aṣálẹ̀ Sàhárà bo ojú ọ̀run Karíbíà lóṣù kẹfà ọdún 2025, tó sì nasẹ̀ dé Florida, oòrùn tó ràn bàìbàì àti ìkìlọ̀ fáwọn tó ní ikọ́ fée ni ìròyìn gbájú mọ́. Èyí tó jọ mí lójú jù ni pé àwọn wóró kan máa ń wà nínú irú eruku bẹ́ẹ̀ tí kò yẹ kó débẹ̀ rárá. Ó yẹ kí òkun ti gbé wọn mì lójú ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ ọyẹ́ kúrò níbẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ló ń pa méjèèjì pọ̀. Ọyẹ́ tó ń la wá létè nígbà Kérésì, Bodélé ní orílẹ̀-èdè Ṣáàdì ni púpọ̀ nínú eruku rẹ̀ ti ń ṣẹ̀ wá, níbi tí adágún ńlá kan ti gbẹ láyé àtijọ́. Ìsàlẹ̀ ló ń rìn, tí yóò gba Maiduguri àti Kánò kó tó bá wa. Ti oṣù kẹfà yàtọ̀. Ìwọ̀ oòrùn Sàhárà ló ti ń gbéra. Ooru ilẹ̀ á gbé e sókè tó bíi kìlómítà márùn-ún, atẹ́gùn á sì tì í sọdá Àtìláńtíìkì láàárín nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún sí ọ̀sẹ̀ kan.

Láti 1851 tí George Stokes ti gbé òfin rẹ̀ jáde ni a ti lè ṣírò bí nǹkan wẹ́wẹ́ ṣe ń já bọ́. Bí ìbú wóró bá di ìlọ́po méjì, eré tó fi ń já bọ́ á di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ mú wóró tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú àádọ́ta mìlímítà. Nínú ìṣírò Stokes, yóò máa sọ̀kalẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Láti òkè kìlómítà márùn-ún, ọjọ́ méjì kò ní pé tí yóò fi wọ omi. Ìdí nìyí tí wọ́n fi gbà pé òkun ń ṣe eruku bí ẹní ku èlùbọ́: èyí tó kúnná kọjá, èyí tó tóbi ṣẹ́kù sẹ́yìn.

Ní 2013, àwọn onímọ̀ Jámánì fi bàálù Falcon wọn eruku nítòsí Cape Verde, wọ́n sì lọ pàdé rẹ̀ ní Barbados. Wóró ńlá ṣì wà níbẹ̀, ju iye tí òfin Stokes fàyè gbà lọ. Ní 2018 ni Michèlle van der Does àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún kéde wóró tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì mìlímítà, tí wọ́n rí gbà nínú afẹ́fẹ́ lójú agbami, ní 2,400 àti 3,500 kìlómítà sí etíkun Áfíríkà. Iyanrìn téèyàn lè fojú lásán rí ni ìyẹn!

Kí ló dé tó fi pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀? Wíwọ̀n rẹ̀ gan-an ni wàhálà. Láti 1965 ni Joseph Prospero ti Yunifásítì Miami ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba eruku ní Barbados. Ní Ragged Point, ẹ̀rọ wọn kì í fa afẹ́fẹ́ àfi tí atẹ́gùn bá ń fẹ́ láti orí òkun, kí eruku erékùṣù náà má bàa kó sí i. Wọ́n á fi omi fọ iyọ̀ kúrò lára bébà asẹ́, wọ́n á sun bébà náà ní ooru 500 sẹ́ńtígíréèdì. Eérú pupa tó bá kù, Áfíríkà ló ti wá. Iṣẹ́ tó mọ́ ni, ṣùgbọ́n ìwúwo gbogbo eruku náà pọ̀ ló ń sọ. Kò sọ bí wóró kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó.

Bàálù náà ní tirẹ̀. Bó ṣe ń sáré lọ, afẹ́fẹ́ á yí wọ ẹnu ọ̀pá tó ń fà á wọlé, wóró tó wúwo kò sì lè bá a yí. Á gba ọ̀nà rẹ̀ lọ tààrà, tàbí kó lẹ̀ mọ́ kọ́rọ́ ọ̀pá. Ẹ̀rọ á ka kékeré nìkan, á ní kò sí ńlá. Ìdí tí wọ́n fi ń gbé àwọn ẹ̀rọ mìíràn kọ́ sábẹ́ apá bàálù nìyẹn, kí wóró lè gba àárín ìmọ́lẹ̀ kọjá ní gbangba. Síbẹ̀, ìṣírò tó ń sọ ìmọ́lẹ̀ di ìwọ̀n sábà máa ń kà á sí pé wóró rí róbótó, eruku sì kún fún igun.

Kí wá ló gbé wọn dúró? Àwọn kan ní oòrùn ló ń mú ìpele eruku gbóná, tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ fi ń rú sókè-sódò. Àwọn kan ní ìjì líle ló ń tún wọn gbé lójú ọ̀nà, tàbí pé wóró tó pẹlẹbẹ kì í tètè já bọ́. Àwọn mìíràn ní agbára iná mànàmáná tó wà lára wóró ni. Èmi fara mọ́ rírú afẹ́fẹ́ àti ìrísí wóró. Ti iná mànàmáná kò tíì dá mi lójú.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ooru ayé. Eruku tó kúnná ń dá ìtànṣán oòrùn padà, ó sì ń mú ayé tutù; èyí tó tóbi ń gba ooru oòrùn àti ti ilẹ̀ mọ́ra. Ní 2020, Adeyemi Adebiyi, orúkọ tí kò ní le lẹ́nu òǹkàwé wa, àti Jasper Kok ṣírò pé eruku tó tóbi tó wà lójú ọ̀run tó mílíọ̀nù 17 tọ́ọ̀nù, ìlọ́po mẹ́rin ohun tó wà nínú àwọn àwòṣe ojú ọjọ́. Àwọn kan ti ń dín eré ìjábọ́ wóró kù nínú kọ̀ǹpútà kí ìṣírò lè bá ohun tí bàálù rí mu. Lójú tèmi, àtúnṣe onígbà díẹ̀ nìyẹn, títí wọn yóò fi lè tọ eruku kan náà lẹ́yìn láti etíkun dé etíkun, kí wọ́n wọ̀n ọ́n léraléra lójú ọ̀nà.