Ẹnu rírùn àti àìmu omi tó lára ajá

Ẹnu rírùn lára ajá ni kí èémí tó ń ti ẹnu ajá jáde máa rùn lemọ́lemọ́, yálà ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tàbí kò jẹun. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí ẹnu ajá ti máa ń rí nìyẹn, ṣùgbọ́n èémí ajá tí ara rẹ̀ dá kì í lé ènìyàn sẹ́yìn. Àmì àìsàn ni òórùn náà. Bí ajá ọ̀hún bá tún dín omi mímu kù, ó yẹ kí a tètè wádìí rẹ̀.

Okùnfà

Àìsàn èrìgì ló sábà máa ń fà á. Ehín 42 ni ajá tó ti dàgbà ní. Kòkòrò àìfojúrí inú ẹnu a máa kóra jọ sára ehín wọ̀nyí, wọn a sì di ìdọ̀tí rírọ̀. Bí a kò bá fọ̀ ọ́ kúrò, èròjà inú itọ́ a sọ ọ́ di ohun líle bí òkúta láàárín ọjọ́ díẹ̀. Èrìgì a wú, a máa ṣẹ̀jẹ̀, ehín a sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Afẹ́fẹ́ tó ní imí-ọjọ́ nínú, tí àwọn kòkòrò náà ń tú jáde, ni imú ń gbọ́.

Omi àti itọ́

Ajá nílò omi tó tó mílílítà 50 sí 60 fún kílò kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, èyí tó wà nínú oúnjẹ rẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà, ajá tí a gbé kúrò lórí oúnjẹ gbígbẹ sí oúnjẹ inú agolo, tí nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ omi, lè fi abọ́ omi sílẹ̀ láìsí àìsàn kankan. Bí omi ara bá dín kù, itọ́ tó ń ṣan ẹnu a ki, a sì dín kù, òórùn a wá pọ̀ sí i. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ìrora ẹnu ló ń dí ajá lọ́wọ́ omi: ehín tó kán, egbò, tàbí egungun tó há. Irú ajá bẹ́ẹ̀ a lọ sídìí abọ́, a wò ó, a sì padà.

Láti mọ̀ bóyá omi ara ajá ti dín kù, a lè fa awọ èjìká rẹ̀ sókè. Awọ ajá tí omi ara rẹ̀ pé a padà sípò lójú ẹsẹ̀.

Àìsàn kíndìnrín a máa mú kí èémí rùn bí ìtọ̀, àtọ̀gbẹ tó ti le a sì mú kó rùn bí èso tó ti pọ́n jù. Ṣùgbọ́n omi mímu ló sábà máa ń pọ̀ sí i nínú àwọn méjèèjì, ìdí nìyẹn tí dókítà ẹran fi máa ń kọ́kọ́ béèrè bí ajá ṣe ń mu omi sí.

Dìgbòlugi

Ní ibi tí dìgbòlugi bá wà, bí i Nàìjíríà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tọwọ́ bọ ẹnu ajá tó ṣàdédé kọ omi láti wá egungun. Ajá tó ní àrùn yìí lè fẹ́ mu omi, ṣùgbọ́n iṣan ọ̀fun rẹ̀ ti rọ. Àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ a já wálẹ̀, itọ́ a máa ṣàn, ohùn gbígbó rẹ̀ a sì yí padà. Inú itọ́ yìí ni àrùn náà ń gbà ran ènìyàn, pàápàá bí ọwọ́ bá ní ọgbẹ́. Ẹni tí irú ajá bẹ́ẹ̀ bá bù jẹ, tàbí tí itọ́ rẹ̀ kan ọgbẹ́ rẹ̀, gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kó sì lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Bí àmì àrùn náà bá ti hàn lára ènìyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó ń yè é.

Ìtọ́jú

Dókítà ẹran ló ń fi oògùn kun ajá lóorun láti ha ìdọ̀tí líle náà kúrò. Nílé, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti ọṣẹ ìfọyín tí a ṣe fún ajá ló dára. Ọṣẹ ìfọyín ti ènìyàn kò yẹ, nítorí ajá máa ń gbé e mì, àwọn kan sì ní xylitol, adùn kan tó jẹ́ májèlé fún ajá.