Ògiri Àwọn Ọmọ Òrukàn Méjì: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Ìtàn Ànábì Mùsá

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Ọba Àṣàkẹ́-ọ̀run. Gbogbo ẹyìn àti ọpẹ́ jẹ́ ti Ọlọ́hun tí Ó ń pèsè fún olówó àti aláìní. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.



Púpọ̀ nínú wa ló máa ń ka Suratul-Kahf ní ọjọ́ Jímọ̀. Òun ni surah kejìdínlógún nínú Al-Kùránì Alápọ̀n-ọ́nlé. Láti aayah 60 títí dé 82 ni Ọlọ́hun ti sọ ìtàn Ànábì Mùsá (kí ọlà Ọlọ́hun máa bá a) àti ẹrú Ọlọ́hun kan tí Ó fún ní ìmọ̀ láti ọ̀dọ̀ ara Rẹ̀. Al-Kùránì kò dárúkọ ẹrú Ọlọ́hun náà, ṣùgbọ́n hàdíìsì tí ó wà nínú Sahihul-Bukhari pè é ní Khadir. Bí a bá ń sọ ìtàn yìí, ọkọ̀ ojú omi tí ó bàjẹ́ àti ọmọdékùnrin tí ó pa ni ó sábà máa ń gba ọkàn wa. A máa ń yára kọjá lórí ọ̀rọ̀ ògiri. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ọmọ òrukàn ni ọ̀rọ̀ ògiri náà. Ọ̀rọ̀ tiwa gan-an ni.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀

Ànábì Mùsá àti Khadir dé ìlú kan. Wọ́n tọrọ oúnjẹ lọ́wọ́ àwọn ará ìlú náà, ṣùgbọ́n wọ́n kọ̀, wọn kò gbà wọ́n lálejò. Nínú ìlú yìí kan náà ni wọ́n ti rí ògiri kan tí ó fẹ́ wó. Khadir tún ògiri náà ṣe títí ó fi dúró dáadáa. Ànábì Mùsá sọ fún un pé bí ó bá fẹ́ ni, ì bá ti gba owó iṣẹ́ lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì. Àlejò tí wọn kò fún ní oúnjẹ, tí ó tún ṣiṣẹ́ fún ìlú, ó tọ́ kí ó gba owó kí ó fi ra nǹkan jẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ni ó pín wọn níyà, nítorí Ànábì Mùsá ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé bí òun bá tún béèrè nǹkan kan, kí Khadir má ṣe bá òun rìn mọ́.

Kí wọ́n tó pínyà, Khadir tú àṣírí ògiri náà fún un. Ti àwọn ọmọdékùnrin méjì kan ni, ọmọ òrukàn ni wọ́n nínú ìlú náà. Ìṣúra tí ó jẹ́ tiwọn wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni rere sì ni bàbá wọn. Ọlọ́hun fẹ́ kí àwọn ọmọ náà dàgbà dé ipò agbára, kí wọ́n sì fúnra wọn hú ìṣúra wọn jáde. Khadir ní òun kò ṣe é láti inú èrò ara òun.

Ta ni ọmọ òrukàn?

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ẹni tí ìyá àti bàbá rẹ̀ ti kú nìkan ni ọmọ òrukàn. Nínú òfin Islam, ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú kí ó tó bàlágà ni ọmọ òrukàn, kódà bí ìyá rẹ̀ bá wà láyé. Nítorí náà, opó tí ó ń dá tọ́ ọmọ mẹ́ta ní àdúgbò wa, ilé ọmọ òrukàn ni ilé rẹ̀. A kò ní láti rìn jìnnà kí a tó rí wọn.

Ẹ̀kọ́ kìíní: Ṣíṣọ́ ohun ìní wọn ṣáájú fífún wọn ní nǹkan

Ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí pé Khadir kò fún àwọn ọmọ náà ní kọ́bọ̀. Kò sì hú ìṣúra náà fún wọn. Bí ògiri bá wó lọ́jọ́ yẹn, tí ìṣúra hàn síta, ọwọ́ ta ni ì bá bọ́ sí? Ìlú tí kò fún àlejò ní oúnjẹ, ṣé ọmọdé tí kò ní bàbá ni yóò ṣàánú? Ohun tí wọ́n nílò ni kí ògiri dúró. Àwọn àgbà wa ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀.

Ọ̀pọ̀ wa ló mọ ilé tí ògiri rẹ̀ ti lanu. Bàbá kú. Kí ogójì ọjọ́ tó pé, ẹnìkan nínú ẹbí ti gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ìwé ilẹ̀ ti di àwátì, wọ́n ti yọ opó kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ á máa dáwó iléèwé fún ọmọ tí bàbá rẹ̀ fi ilé méjì sílẹ̀. Àwọn tí wọ́n jẹ ogún náà lè wà nínú sààfù ìrun pẹ̀lú wa. Nínú Suratun-Nisaa aayah 2, Ọlọ́hun pàṣẹ pé kí a dá ohun ìní àwọn ọmọ òrukàn padà fún wọn, kí a má fi èyí tí kò dára pààrọ̀ èyí tí ó dára, kí a má sì dà á pọ̀ mọ́ tiwa kí a máa jẹ ẹ́. Nínú aayah 10, Ó jẹ́ kí a mọ̀ pé iná ni ẹni tí ó bá fi àbòsí jẹ ẹ́ ń jẹ sínú ikùn ara rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí a bá lọ kí ọmọ òrukàn, kí a má gbé àpò ìrẹsì nìkan dání. Kí a béèrè ohun tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀, àti ọwọ́ ẹni tí ó wà. Ọ̀rọ̀ yìí kan sàká pẹ̀lú. Àwọn mẹ́jọ tí Ọlọ́hun kà nínú Suratut-Tawbah aayah 60 ni wọ́n ní ẹ̀tọ́ sí sàká, kò sì dárúkọ ọmọ òrukàn láàrin wọn. Ọmọ òrukàn tí ó jẹ́ aláìní máa ń gba sàká nítorí àìní rẹ̀. Èyí tí bàbá rẹ̀ fi ọrọ̀ sílẹ̀ fún, tí ọrọ̀ náà sì wà níkàáwọ́, kì í ṣe sàká ni ó nílò. Olùṣọ́ ni ó nílò.

Ẹ̀kọ́ kejì: Iṣẹ́ nítorí Ọlọ́hun

Àwọn ọmọ náà kò mọ̀ pé ẹnìkan tún ògiri àwọn ṣe. Kò sí nínú ìtàn náà pé ẹnikẹ́ni dúpẹ́ lọ́wọ́ Khadir. Ìwà àwọn ará ìlú kò sì dí i lọ́wọ́ láti ṣe rere fún ọmọ tí kò mọ nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí ó ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọkọ̀, ó ní òun ni òun fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan ògiri, ó ní Olúwa ni Ó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ ni èyí fún àwa tí a ń fẹ́ kí wọ́n pe orúkọ wa lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn bí a bá ti dáwó.

Èyí kò túmọ̀ sí pé gbígba owó iṣẹ́ jẹ́ èèwọ̀. Suratun-Nisaa aayah 6 sọ pé kí alágbàtọ́ tí ó bá ní ọrọ̀ mú ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú ohun ìní ọmọ òrukàn, kí èyí tí ó bá jẹ́ aláìní jẹ níwọ̀n tí ó tọ́. Kí ẹ̀rù má sì lé wa sá. Wọ́n gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Ibn Abbas pé nígbà tí àwọn aayah yìí sọ̀kalẹ̀, àwọn sàábé tí wọ́n ní ọmọ òrukàn nílé ya oúnjẹ ọmọ náà sọ́tọ̀. Èyí tí ọmọ bá jẹ kù á wà níbẹ̀ títí yóò fi bàjẹ́. Èyí ni wọ́n lára, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ náà tọ Ànábì wa lọ. Ọlọ́hun wá sọ aayah 220 nínú Suratul-Baqarah kalẹ̀, pé títún ọ̀rọ̀ wọn ṣe ni ó dára jù. Bí a bá da tiwa pọ̀ mọ́ tiwọn, ọmọ ìyá wa ni wọ́n. Ọlọ́hun sì mọ ẹni tí ó ń bàjẹ́ yàtọ̀ sí ẹni tí ó ń túnṣe.

Ẹ̀kọ́ kẹta: Títí wọn yóò fi dàgbà

Ògiri náà ní àkókò tí a dá fún un. Kì í ṣe kí ìṣúra wà lábẹ́ ilẹ̀ títí ayé. Aayah 6 kan náà ní kí a máa dán àwọn ọmọ òrukàn wò títí wọn yóò fi tó ìgbéyàwó. Bí a bá rí i pé wọ́n ti gbọ́n, kí a fà á lé wọn lọ́wọ́, kí a sì pe ẹlẹ́rìí sí i. Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Owó iléèwé, ilé kéwú àti iṣẹ́ ọwọ́, ara ògiri ni gbogbo rẹ̀.

Títọ́jú ohun ìní wọn kò sì túmọ̀ sí pé kí a gbé e pa mọ́ kí ó máa dín kù. Nínú Muwatta ti Imam Malik, Umar ọmọ Khattab (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) gba àwọn ènìyàn níyànjú pé kí wọ́n máa fi ohun ìní ọmọ òrukàn ṣòwò, kí sàká má baà jẹ ẹ́ tán. Ìdí ni pé nínú mazhab Maliki, tí àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀lé jù, a máa ń yọ sàká nínú ohun ìní ọmọ òrukàn tí ó bá tó iye tí òfin là sílẹ̀. Inú ìwé yìí kan náà ni a ti kà á pé ìyá wa Aisha (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) tọ́ Qasim àti arákùnrin rẹ̀, ọmọ àbúrò rẹ̀, nígbà tí wọ́n di ọmọ òrukàn. Ó ń yọ sàká ohun ìní wọn, ó sì máa ń fi owó àwọn ọmọ òrukàn tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ fún ẹni tí yóò bá wọn fi ṣòwò. Qasim yìí dàgbà di ọ̀kan nínú àwọn àgbà onímọ̀ ìlú Madinah.

Ẹ̀kọ́ kẹrin: Ẹni rere ni bàbá wọn

Ọlọ́hun lè sọ ìtàn ògiri láìmẹ́nu ba bàbá. Ṣùgbọ́n Ó mẹ́nu bà á, kí a lè mọ̀ pé rere tí bàbá ṣe kò bá a wọ sàréè tán. Bàbá ti lọ, kò lè mọ ògiri mọ́, Ọlọ́hun sì rán ẹlòmíràn wá mọ ọ́n. Suratun-Nisaa aayah 9 kìlọ̀ fún wa pé kí ẹni tí ọkàn rẹ̀ máa ń bẹ̀rù nítorí ọmọ wẹ́wẹ́ tí òun lè fi sílẹ̀ lọ, kí ó bẹ̀rù Ọlọ́hun lórí ọmọ ẹlòmíràn. Ọmọ tí a ń ṣọ́ ògiri rẹ̀ lónìí lè jẹ́ ọmọ ọ̀rẹ́ wa. Lọ́la, ó lè jẹ́ tiwa. Nítorí náà, kí olúkúlùkù bàbá kọ wàsíyà rẹ̀ sílẹ̀, kí ó kọ gbèsè tí ó jẹ àti èyí tí wọ́n jẹ ẹ́, kí ó sì jẹ́ kí ẹni tí ó fọkàn tán mọ ibi tí ìwé ilẹ̀ wà.

Ní ìparí, ẹ rántí pé ọmọ òrukàn ni Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a). Bàbá rẹ̀ kú kí wọ́n tó bí i. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà tí bàbá rẹ̀ àgbà kú. Abu Talib, arákùnrin bàbá rẹ̀, tí kò ní ọrọ̀ púpọ̀, ni ó gbà á tọ́. Nígbà tí Ànábì wa ń sọ nípa ẹni tí ó bá gba ọmọ òrukàn tọ́, ó na ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín sókè, ó ní báyìí ni òun àti ẹni náà yóò ṣe wà ní Al-Jannah.

Kí Ọlọ́hun gba sàká àti sàráà wa. Kí Ó fi alùbáríkà sí ohun tí ó kù lọ́wọ́ wa. Kí Ó má jẹ́ kí a jẹ ohun ìní ọmọ òrukàn. Ọmọ tí a bá fi sílẹ̀ lọ, kí Ó rán ẹni rere wá bá wọn mọ ògiri wọn. Aamiin.