Yánrin: Òdòdó Ọmọdé, Ẹ̀fọ́ Àgbà

Bí àkọ́rọ̀ òjò bá ti rọ̀ ní Ọ̀fà, yánrin á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lórí ebè ànàmọ́ èṣí, lẹ́yìn ilé ìdáná, àti lẹ́bàá ojú irin tó dé ìlú wa ní 1908. Ewé rẹ̀ á kọ́kọ́ tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ. Tó bá yá, á ta igi tẹ́ẹ́rẹ́ sókè, á wá yọ òdòdó aláwọ̀ ìyeyè.

Ẹ̀fọ́ ni lójú àgbà; lójú àwa ọmọdé, ohun ìṣeré ni. Bí a bá ṣẹ́ igi rẹ̀, oje funfun á ṣẹ̀, a ó sì fi kọ orúkọ sí ẹ̀yìn ọwọ́. Ìyá mi àgbà á pariwo láti ìdí àdògán pé, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ fi ẹ̀fọ́ mi sílẹ̀ o!” Ṣùgbọ́n bí òdòdó bá gbó, tí orí rẹ̀ sì wú bí òwú, ìgbà yẹn ni eré dé. A ó fẹ́ ẹ fùú. Ẹni tí tirẹ̀ bá fò kọjá ògiri ló borí.

Èso kékeré kan ló wà nídìí ìdì irun kọ̀ọ̀kan tó dà bí òwú yẹn, afẹ́fẹ́ ló sì ń gbé e lọ síbi tí yóò hù sí. Òdòdó tí à ń rí bí ẹyọ kan yẹn, ọ̀pọ̀ òdòdó wẹ́wẹ́ ló para pọ̀ síbẹ̀. Ẹbí kan náà ni yánrin, ẹbọlọ, imí-eṣú àti ewúro. Ara ẹbí yìí náà ni dandelion, tí àwọn ọmọ òyìnbó máa ń fẹ́ ní tiwọn; ewé rẹ̀ tó jọ ti yánrin ló mú kí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì pe yánrin ní Launaea taraxacifolia. Patanmọ́, ewéko mìíràn tí àwa ọmọdé máa ń fọwọ́ kàn kó lè padé, àlejò láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni. Ṣùgbọ́n ọmọ Áfíríkà ni yánrin.

Ó korò díẹ̀. Wọ́n á já a kó tó yọ òdòdó, wọ́n á bọ̀ ọ́ lómi gbígbóná, wọ́n á fún un, wọ́n á sè é pẹ̀lú ẹ̀gúsí àti irú. Àwọn tó ń sin ehoro náà ń wá a kiri. Ní orílẹ̀-èdè Benin, wọ́n ń gbìn ín sọ́gbà.

Ọkọ́ kì í pa yánrin: gbòǹgbò tó bá ṣẹ́kù nínú ilẹ̀ á tún hù. Oògùn apakoríko tí à ń fín káàkiri báyìí ló yẹ ká ṣọ́ra fún. Ibi tí ẹ bá fín in sí, ẹ má já ẹ̀fọ́ níbẹ̀. Ẹ fi igun kan sílẹ̀ lẹ́yìn ilé fún yánrin, kí ẹ sì fi han àwọn ọmọ yín. Ẹ̀fọ́ tí ọmọ kò bá dá mọ̀, kò lè já a wálé.