Ìràwọ̀ Àgbélébùú ti Ìhà Gúúsù

Kò sí àgbàlagbà tí kò mọ Àgùàlà tí í ṣe ajá òṣùpá. Ṣùgbọ́n àwọn ìràwọ̀ mẹ́rin kan wà tí wọ́n lè tọ́ ẹni tí ń tukọ̀ ní òru sọ́nà, tí ó sì jẹ́ pé díẹ̀ nínú àwọn ènìyàn ni ó mọ̀ wọ́n. Àwọn wọ̀nyí ni à ń pè ní Àgbélébùú ti Gúúsù. Nínú ìdìpọ̀ ìràwọ̀ 88 tí àwọn amòye pín ojú ọ̀run sí, òun ni ó kéré jù lọ.

Àwọn atukọ̀ ìhà àríwá ayé a máa wo ìràwọ̀ àríwá, èyí tí kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣí kúrò ní ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní agbègbè Kòṣòfẹ́, ìràwọ̀ náà lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò ga tó ìkúùkù kan bí a bá na apá sí i. Igi, ilé àti kùrukùru a sì máa bò ó. Ohun tí ó jọ èyí ni Alvise Cadamosto, ará Venice, rí ní ẹnu odò Gambia ní ọdún 1455. Ìràwọ̀ àríwá ti rẹlẹ̀ gidigidi, ṣùgbọ́n ó rí ìràwọ̀ mẹ́fà tí ń tàn ní ìhà gúúsù. Ọ̀pọ̀ amòye gbà pé Àgbélébùú yìí ni ó rí.

Bí a ti ń wá a nìyí. Ní ìparí oṣù April, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá òru, tàbí ní ìparí oṣù May, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, kí ènìyàn dúró ní etí ọ̀sà ní Ọ̀wọ́rọ̀ǹṣòkí kí ó sì kọjú sí gúúsù. Kí ó jìnnà sí iná, nítorí iná ọjà Mile 12 àti ti òpópónà Kétu a máa pa ìràwọ̀ mọ́ ènìyàn lójú. Yóò rí Àgbélébùú náà ní òró: ẹsẹ̀ rẹ̀ ga ní ìwọ̀n ìkúùkù méjì, gígùn rẹ̀ sì tó ìbú ìka mẹ́ta. Ìràwọ̀ orí rẹ̀ pọ́n díẹ̀. Ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ gan-an ni gúúsù. Bí ó bá tẹ̀ sí òsì, gúúsù wà ní apá ọ̀tún ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá tẹ̀ sí ọ̀tún, gúúsù wà ní apá òsì.

Kí a ṣọ́ra, nítorí àgbélébùú èké kan wà ní apá ọ̀tún, tí ó tóbi jù ú lọ ṣùgbọ́n tí kò mọ́lẹ̀ tó o. Ti òtítọ́ ní ìràwọ̀ méjì tí ń tàn gidigidi ní apá òsì rẹ̀; ti èké kò ní irú wọn.

Àwọn ìràwọ̀ mẹ́rin náà kò sún mọ́ ara wọn bí ojú ti rí i. Ìmọ́lẹ̀ ti orí ń rìn fún nǹkan bí ọdún 88 kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ti ẹsẹ̀ fún nǹkan bí 320.

Ní àkókò òjò, ìkùukùu lè bò ó lójijì. Nítorí náà, kí atukọ̀ Àgbóyì má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ìràwọ̀ nìkan nígbà tí ojú ọ̀run bá ṣú. Ẹni tí ó bá kọ́ ọ ní alẹ́ tí ojú ọ̀run mọ́ ni yóò lè lò ó ní òru ìdààmú.