Àwọn Òṣìṣẹ́ Àìfojúrí Tí Ń Bọ́ Ìrèké

Ní Zaria, ilẹ̀ Zazzau, ìlú Ọbabìnrin Amina, àti ní Makarfi tí ó múlé tì í, ìrèké kì í ṣe ìpanu ọmọdé lásán, nítorí pé inú àkùrọ̀ tí àwọn Hausa ń pè ní fàdámà ni àwọn àgbẹ̀ ń gbìn ín sí, tí wọ́n ń tà á fún àwọn tí yóò jẹ ẹ́ ní tútù, tí wọ́n sì ń fún omi rẹ̀ sè títí yóò fi dì, tí yóò di mazarkwaila. Ṣùgbọ́n ọ̀jẹun ni ìrèké, náítírójìn sì wà lára olórí oúnjẹ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni èyí kò pọ̀ nínú ilẹ̀ ọ̀dàn.

Fatiláísà ni ọ̀pọ̀ ń sá tọ̀. Ó ń mú ọ̀gbìn yá lóòótọ́, àmọ́ ìdánwò tí àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Samaru, ní Zaria, ní 1950, tí wọ́n ń dán ìgbẹ́ màlúù àti oríṣiríṣi fatiláísà wò lórí ilẹ̀ kan náà lọ́dọọdún, fi hàn pé ammonium sulphate tí a bá ń dà léraléra a máa sọ ilẹ̀ di kíkan.

Bẹ́ẹ̀ sì ni náítírójìn kún ojú ọ̀run fọ́fọ́, ìdá 78 nínú 100 afẹ́fẹ́ tí à ń mí. Kìkì pé kò sí ewéko kan tí ó lè dá a jẹ bí ó ti wà, àfi bí bakitéríà bá bá a sọ ọ́ di oúnjẹ. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. A ti mọ àwọn bakitéríà tí ń gbé inú kókó gbòǹgbò ẹ̀wà tipẹ́, ṣùgbọ́n ìrèké kò ní irú kókó bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ àwọn oko kan wà ní Brazil tí wọ́n ń mú ìrèké jáde fún ọ̀pọ̀ ọdún láìjẹ fatiláísà púpọ̀. Johanna Döbereiner, obìnrin onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ tí a bí ní Czechoslovakia ní 1924, tí ó sì fi Brazil ṣe ilé, kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sùn. Ní 1988 ni òun àti Vladimir Cavalcante kéde bakitéríà tí à ń pè ní Gluconacetobacter diazotrophicus lónìí. Inú gbòǹgbò àti igi ìrèké gan-an ni ó ń gbé, nínú adùn tí ọ̀pọ̀ bakitéríà mìíràn kò lè fara dà. Ìrèké ń fi ṣúgà san owó iṣẹ́ rẹ̀, òun náà ń pèsè náítírójìn. Àwọn bakitéríà mìíràn ń tú fosfọ́rọ́ọ̀sì tí ó há mọ́ ilẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì ń mú gbòǹgbò gùn sí i.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà: bakitéríà márùn-ún ni àwọn onímọ̀ Embrapa, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Brazil, pò pọ̀, tí wọ́n ń ri ègé ìrèké bọ inú rẹ̀ kí wọ́n tó gbìn ín. Àwọn irú ìrèké kan jẹ àǹfààní rẹ̀ gidigidi, àwọn mìíràn kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ ẹ́, kò sì mú fatiláísà kúrò pátápátá. Nítorí náà, èmi kò gbà pé kí a kó ti Brazil wá dà sí àkùrọ̀ Makarfi láìdán an wò. Ti inú ìrèké Makarfi gan-an ni kí a kọ́kọ́ wá. Iṣẹ́ N2Africa, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2009, ti mú bakitéríà kókó gbòǹgbò dé ọ̀dọ̀ àwọn olóko sóyà ní ìhà Àríwá Nàìjíríà. Ó tọ́ kí olóko ìrèké náà rí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀. Kí ó tó dé, kí àgbẹ̀ má ṣe dáná sun ewé ìrèké mọ́ lẹ́yìn ìkórè, kí ó jẹ́ kí ó jẹrà pẹ̀lú ìgbẹ́ màlúù, nítorí ohun tí ó ń jẹrà ni ọ̀pọ̀ bakitéríà inú ilẹ̀ ń jẹ.