Láàárín Jíjò àti Jíjó: Wíwá Ojú Ibi tí Gáàsì Ìdáná ti ń Jò àti Àtúnṣe Rẹ̀

Ìsọníṣókí

Iṣẹ́ yìí ṣe àlàyé bí ènìyàn ṣe lè mọ̀ pé gáàsì ìdáná ń jò, bí ó ṣe lè rí ojú ibi tí ó ti ń jò gan-an, àti irú àtúnṣe tí ó yẹ. Kókó tí iṣẹ́ náà dúró lé ni pé gáàsì inú sílíńdà kì í gòkè bí èéfín. Ńṣe ni ó ń ṣàn sílẹ̀ bí omi. Ilé ìdáná àwọn ará Ìgbómìnà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun àti ọkọ̀ ojú omi tí àwọn kan fi ṣe ilé ní ilẹ̀ Bírítéènì ni iṣẹ́ náà fi ṣe àpẹẹrẹ. Ó sì dá àbá bí olùkọ́ ṣe lè kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ní kíláàsì láìfi gáàsì hàn ẹnikẹ́ni.

Ìfáàrà

Nínú èdè Yorùbá, àmì ohùn kan ṣoṣo ni ó wà láàárín "gáàsì ń jò" àti "gáàsì ń jó". Ohùn ìsàlẹ̀ ni ti àkọ́kọ́, ohùn òkè ni ti ìkejì. Ní ilé ìdáná pẹ̀lú, àyè tí ó wà láàárín méjèèjì kò fẹ̀ ju èyí lọ: ìṣáná ẹyọ kan tàbí súìṣì iná kan ti tó láti sọ jíjò di jíjó.

Ní Ìlá-Ọ̀ràngún, Òkè-Ìlá, Ọ̀rà àti àwọn ìlú Ìgbómìnà yòókù ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, igi, èédú àti kẹrosíìnì ni ohun ìdáná tí àwọn àgbà bá láyé. Iná igi máa ń kéde ara rẹ̀. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní iná kì í jó kí ó má rú èéfín. Láti ọdún 2007, nígbà tí iléeṣẹ́ NLNG bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè gáàsì ìdáná fún ọjà abẹ́lé Nàìjíríà, ni sílíńdà ti túbọ̀ ń wọ́pọ̀ nínú ilé. Ohun ìdáná yí padà, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí èéfín kọ́ àwọn ènìyàn kò tí ì yí padà. Ọ̀pọ̀ ṣì gbà pé ohunkóhun tí ó bá jọ afẹ́fẹ́, òkè ni yóò gbà lọ. Èrò yìí ni ó ń mú kí ẹlòmíràn ṣí fèrèsé òkè nígbà tí gáàsì bá jò, kí ó sì rò pé ewu ti kọjá.

Ìwà Gáàsì Ìdáná

Èròjà méjì ni ó pọ̀ jù nínú gáàsì ìdáná: propane àti butane. Nínú sílíńdà, títẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ wọ́n mọ́nú ni ó sọ wọ́n di olómi. Bí olómi yìí bá ti bọ́ síta, yóò di afẹ́fẹ́, yóò sì gba àyè tí ó tó nǹkan bí ìlọ́po 250 àyè tí ó gbà tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí jíjò kékeré fi lè kún yàrá.

Propane wúwo tó afẹ́fẹ́ lọ́nà 1.5, butane wúwo tó o lọ́nà 2. Nítorí náà, bí gáàsì bá jò, ilẹ̀ ni yóò máa rá lọ. Yóò wọ abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, yóò gba abẹ́ ilẹ̀kùn, yóò sì dúró sí ibi tí ilẹ̀ bá ti rẹlẹ̀ jù. Ọ̀rọ̀ ìṣe tí Yorùbá ń lò fún un, "jò", bá ìwà rẹ̀ mu gẹ́lẹ́: ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò fún ìkòkò tí omi ń jò nínú rẹ̀.

Ìṣirò díẹ̀ yóò fi bí ewu náà ti tó hàn. Kìlógíráàmù 1 gáàsì ìdáná máa ń di nǹkan bíi kúbíìkì mítà 0.45. Ilé ìdáná tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 3, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 3, tí gíga rẹ̀ sì jẹ́ mítà 2.5, jẹ́ kúbíìkì mítà 22.5. Bí gáàsì bá ti tó nǹkan bí ìdá 2 nínú ìdá 100 afẹ́fẹ́, ó ti lè gbaná. Ìdá 2 nínú ìdá 100 kúbíìkì mítà 22.5 sì jẹ́ 0.45. Èyí ni pé kìlógíráàmù kan péré, nínú sílíńdà oníkìlógíráàmù 12.5, tó láti sọ gbogbo yàrá náà di ohun tí ó lè bú gbàmù. Nítorí pé ilẹ̀ ni gáàsì máa ń kó jọ sí, èyí tí kò tó kìlógíráàmù kan pàápàá lè ṣe ọṣẹ́.

Ẹ̀kọ́ láti Inú Ọkọ̀ Ojú Omi

Ibi tí ìwà yìí ti hàn gbangba jù ni inú ọkọ̀ ojú omi. Ní ilẹ̀ Bírítéènì, àwọn kan wà tí ọkọ̀ orí odò jẹ́ ilé wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń fi gáàsì dáná. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ kò gbọdọ̀ ní ihò, kí omi má baà wọlé. Ohun tí kò jẹ́ kí omi wọlé náà ni kò ní jẹ́ kí gáàsì jáde. Bí gáàsì bá jò níbẹ̀, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni yóò dúró sí bí omi inú agbada, ṣíṣí fèrèsé kò sì tó láti lé e jáde.

Nítorí èyí, inú àpótí tí ó dá dúró ni wọ́n ń gbé sílíńdà sí nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Àpótí náà ní ihò ní ìsàlẹ̀ tí gáàsì lè gbà ṣàn jáde kúrò nínú ọkọ̀. Àwọn kan tún ń so ìgò kékeré kan tí omi ìdánwò wà nínú rẹ̀ mọ́ ọ̀pá gáàsì. Wọn yóò ti gbogbo ẹ̀rọ ìdáná pa, wọn yóò jẹ́ kí gáàsì gba inú omi náà kọjá. Bí omi náà bá ń hó, gáàsì ń sá lọ síbì kan. Ìgò náà ń sọ pé ó ń jò. Kò sọ ibi tí ó ti ń jò. Ìyàtọ̀ méjì yìí ṣe pàtàkì.

Ilé ìdáná orí ilẹ̀ sàn ju ọkọ̀ lọ, nítorí pé ilẹ̀kùn rẹ̀ kan ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àkókò ọyẹ́, tí wọ́n bá ti ti fèrèsé àti ilẹ̀kùn pa, tí wọ́n sì fi aṣọ dí abẹ́ ilẹ̀kùn nítorí eruku, ilé náà ti di ọkọ̀.

Mímọ̀ pé Gáàsì ń Jò

Gáàsì ìdáná kò ní òórùn tirẹ̀. Òórùn tí àwọn ènìyàn mọ̀ mọ́ ọn jẹ́ ti èròjà kan, ethyl mercaptan, tí wọ́n ń fi sí i. Ìwọ̀n tí wọ́n ń fi sí i ni èyí tí yóò jẹ́ kí imú gbọ́ ọ nígbà tí gáàsì kò tí ì ju ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n tí ó lè gbaná lọ. Òórùn yìí ni ó rọ́pò èéfín.

Ilé ẹ̀kọ́ kan wà lára ohun tí ó mú kí ayé fi ọwọ́ pàtàkì mú òórùn yìí. Ní ọjọ́ 18, oṣù Kẹta, ọdún 1937, ilé ẹ̀kọ́ ìlú New London ní Texas, orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, bú gbàmù. Gáàsì tí wọ́n ń lò níbẹ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ń wà láti inú ilẹ̀. Ó yàtọ̀ sí ti inú sílíńdà, ó sì fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ó ti kó jọ sí abẹ́ ilé náà. Kò ní òórùn, kò sì sí ẹni tí ó fura. Ẹ̀rọ iná mànàmáná kan tí wọ́n fi ń dán pákó ni ó ta iná sí i. Nǹkan bí 300 akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ ni ó kú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Texas ṣe òfin pé kí wọ́n máa fi òórùn sí gáàsì.

Síbẹ̀, imú nìkan kò tó. Ọ̀fìnkìn lè dí i, ọjọ́ orí lè dín agbára rẹ̀ kù, bí ènìyàn bá sì pẹ́ nínú òórùn kan, imú yóò dẹ́kun gbígbọ́ ọ. Bí òórùn bá pòórá lójijì nígbà tí ẹnikẹ́ni kò ṣe àtúnṣe, kì í ṣe àmì àlàáfíà.

Bí òórùn bá ti pọ̀, kì í ṣe àkókò ìwádìí. Kí wọ́n ti ẹnu sílíńdà pa bí ó bá ṣe é dé, kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn tí ó kan ilẹ̀, kí gbogbo ènìyàn sì jáde. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tan iná tàbí pa á, nítorí pé títàn àti pípa ni ó ń mú súìṣì ta iná. Ìta gbangba ni kí wọ́n ti pe panápaná lórí 112.

Wíwá Ojú Ibi tí ó ti ń Jò

Lẹ́yìn tí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ gáàsì lọ tán ni ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà tí ó rọrùn, tí kò sì léwu, ni ọṣẹ olómi tí wọ́n fi ń fọ abọ́, tí wọ́n pò mọ́ omi. Ìṣáná kò sí lára irinṣẹ́ ìwádìí láéláé. Ẹni tí ó bá fi iná wá jíjò yóò rí jíjó.

Kí gbogbo iná inú ilé wà ní pípa, kí bọ́tìnì ẹ̀rọ ìdáná sì wà ní títì. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n ṣí ẹnu sílíńdà díẹ̀, kí wọ́n sì fi búrọ́ọ̀ṣì tàbí kànrìnkàn kékeré ta omi ọṣẹ sí ojú ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé: ẹnu sílíńdà, ibi tí régúlétọ̀ ti so mọ́ ọn, ibi tí róbà ti wọ régúlétọ̀, gbogbo ara róbà, àti ibi tí róbà ti wọ ẹ̀rọ ìdáná. Ibi tí ọṣẹ bá ti ń wú tí ó sì ń hó ni ojú ibi tí ó ti ń jò. Sùúrù ṣe pàtàkì, nítorí pé jíjò kékeré lè pẹ́ kí ó tó hàn. Ibi tí ó wà láàárín sílíńdà àti régúlétọ̀ ni ó yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò jù. Níbẹ̀, agbára tí ó ń ti gáàsì jáde pọ̀ púpọ̀. Lẹ́yìn régúlétọ̀, ó ti dín kù sí nǹkan bíi mílíbà 30. Bí ìdánwò bá parí, kí wọ́n fi omi ṣan ọṣẹ kúrò.

Àtúnṣe

Ibi tí ó ń jò ni ó ń sọ ẹni tí ó yẹ kí ó tún un ṣe. Bí ó bá jẹ́ ojú régúlétọ̀, wọ́ṣà róbà inú rẹ̀ ni ó sábà máa ń gbó. Kí wọ́n ti sílíńdà, kí wọ́n yọ wọ́ṣà náà, kí wọ́n sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ nọ́ọ̀tì ni ó dẹ̀, kí wọ́n fi sípánà fún un níwọ̀n; ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀tì gáàsì ni ó ń fún sí ọwọ́ òsì, ẹni tí kò mọ èyí yóò máa tú u nígbà tí ó rò pé òun ń fún un.

Bí ó bá jẹ́ ara róbà, kò sí àtúnṣe mìíràn ju pípààrọ̀ rẹ̀ lọ. Téèpù kò lè dí i pẹ́. Róbà tí wọ́n ṣe fún gáàsì ni kí wọ́n rà, kì í ṣe ti omi, kílíìpù ni kí wọ́n sì fi dè é, kì í ṣe wáyà.

Bí ó bá jẹ́ ẹnu sílíńdà fúnra rẹ̀ tàbí ara sílíńdà tí ìpẹtà ti jẹ, kò sí lọ́wọ́ onílé. Kí wọ́n tì í pa bí ó bá ṣeé tì, kí wọ́n gbé e lọ sí ìta gbangba ní ìdúró, jìnnà sí iná, gọ́tà àti kànga, kí wọ́n sì pe oníṣẹ́ tí ó mọ̀ nípa rẹ̀. Kò gbọdọ̀ sùn sílẹ̀, nítorí pé olómi inú rẹ̀ yóò gba ẹnu rẹ̀ tú jáde. Lẹ́yìn àtúnṣe yòówù, kí wọ́n tún ta omi ọṣẹ sí i. Àtúnṣe tí wọn kò dán wò kò tí ì parí.

Ìgúnlẹ̀ àti Àbá fún Olùkọ́

Olùkọ́ lè fi ìwà gáàsì yìí han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láìsí ewu. Bí wọ́n bá pò sódà tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì mọ́ omi ọsàn wẹ́wẹ́, gáàsì carbon dioxide yóò jáde. Ìwúwo rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba gẹ́lẹ́ pẹ̀lú ti propane. Kí olùkọ́ to àbẹ́là mẹ́ta tí gíga wọn kò dọ́gba sínú abọ́ jíjìn kan, kí ó tàn wọ́n, kí ó sì rọra da gáàsì yìí sínú abọ́ náà láìda omi rẹ̀. Àbẹ́là tí ó kúrú jù ni yóò kọ́kọ́ kú. Ọmọ tí ó bá fi ojú rí èyí kò ní gbàgbé pé ilẹ̀ ni gáàsì ń gbà.

Ìmọ̀ yìí ni yóò sọ ibi tí sílíńdà yẹ kí ó wà, ìyẹn ìta ilé, lábẹ́ ibòji. Òun náà ni yóò sọ ibi tí ihò afẹ́fẹ́ ilé ìdáná yẹ kí ó wà: kì í ṣe òkè nìkan, ìsàlẹ̀ pẹ̀lú. Kò sí ohun èlò olówó ńlá nínú gbogbo rẹ̀. Ọṣẹ díẹ̀, omi díẹ̀ àti sùúrù ni ó ń mú kí jíjò dúró ní jíjò títí tí wọn yóò fi dí i, kí ohùn rẹ̀ má baà gòkè di jíjó.