Òkè Adó-Àwáyé ní Ìdájí

Ní ìgbà òjò, bí a bá kírun àsùbá tán ní Adó-Àwáyé, lágbègbè Ìsẹ́yìn, kùrukùru a máa bo òkè náà mọ́lẹ̀. Àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 300. Àpáta tí ìrì bá sẹ̀ sí a máa yọ̀ bí ọṣẹ. Nítorí náà ẹ ká ìró yín sókè, ẹ di ọmọ lọ́wọ́ mú.

Lókè ni adágún Ìyàkẹ́ wà. A máa ń gbọ́ pé àwọn obìnrin tí ń wá ọmọ a máa lọ bu omi rẹ̀ mu. Èyí ni n kò fọwọ́ sí. Ànábì Sàkáríyáù darúgbó kí Ọlọ́run tó fún un ní Yàhàyá. Àdúrà ló gbà, kò bẹ adágún. Kí tọkọtaya jọ lọ sí ọsibítù pẹ̀lú. Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin náà ni mo ń bá wí! Ṣùgbọ́n kí á gùn ún láti wo iṣẹ́ Ẹlẹ́dàá, kí ló burú níbẹ̀?

Bí oòrùn bá mú, kùrukùru a ká díẹ̀díẹ̀: omi adágún a kọ́kọ́ tàn, lẹ́yìn náà òrùlé páànù ìsàlẹ̀ a yọ, àwọn ọmọ a sì bẹ̀rẹ̀ sí wá ilé wọn.